Ìfun àbúrò mi ti lu, inú rẹ̀ le bí pákó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ọ̀bọkún (Iléṣà), Ọjọ́ Ajé, aago 2 òru

Ẹ kú òru o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ni ara rẹ̀ kò yá. Ibà ló kọ́kọ́ mú un. Ara rẹ̀ ń gbóná, orí ń fọ́ ọ, oúnjẹ kò wù ú. A ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà dé. Ó ti tó ọjọ́ 16 báyìí. Láàárọ̀ Sátidé ló dédé figbe ta pé inú òun, ó ká jọ sórí ẹní. Àwa rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Màmá wa se àgbo fún un, ó mu ún, ó bì í. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, inú rẹ̀ ti wú, ó sì le gbagidi, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kò só, kò yàgbẹ́. Ó kàn dùbúlẹ̀ láìmira, bí èèyàn bá ṣèèṣì gbún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, yóò lọgun.

Ilé ìwòsàn kékeré kan tí a kọ́kọ́ gbé e lọ gún un lábẹ́rẹ́ inú rírun, wọ́n ní ká máa lọ sílé, ká padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọkàn mi kò gbà á. Aago 10 alẹ́ la gbé e dé ibi tí a wà yìí. Dókítà tẹ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ìfun rẹ̀ ti lu. Wọ́n kọ “secondary peritonitis” sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni.

Kí ni wọ́n ń pè ní secondary? Ṣé ó ti dé ìpele kejì ni? Wọ́n ní kíákíá ni, síbẹ̀ láti wákàtí 4 sẹ́yìn omi ni wọ́n ń fà sí i lára, wọn ò tíì gbé e wọ tíátà. Kí ló dé? Ṣé abẹ́rẹ́ kò sì lè wò ó sàn láìla inú rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Màmá wa kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ilé-Ifẹ̀), aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 35

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run yóò dá a sí. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ti rí irú èyí láìmọye ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti omi ṣáájú, torí mo mọ̀ pé òun ló ń jẹ yín lọ́kàn jù. Omi yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà. Láti Sátidé ni omi ara ọmọ yìí ti ń tú sínú ikùn rẹ̀, ó tún ń bì, kò sì mu nǹkan kan. Bí wọ́n bá kùn ún lóorun bẹ́ẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì lórí tábìlì. Wákàtí mélòó kan tí wọ́n fi ń pèsè ara rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ìfàsẹ́yìn. Ẹ wo rọ́bà tí wọ́n kì bọ ojú ìtọ̀ rẹ̀, tó ń dà sínú àpò. Ìtọ̀ yẹn ni wọ́n ń ṣọ́. Bó bá wọn tó kílò 50, ó yẹ kó tó mílílítà 25, ó kéré tán, láàárín wákàtí kan. Bó bá ti ń ṣàn tí àwọ̀ rẹ̀ ń mọ́ bọ̀, á jẹ́ pé kíndìnrín ti ń rí omi gbà nìyẹn. Rọ́bà tó wà nímú rẹ̀ ń fa òróòro jáde kó má baà máa bì í sínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọn á ti fà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo iyọ̀ ara rẹ̀, pàápàá potassium, torí bí ìyẹn bá lọ sílẹ̀ jù, ọkàn kò ní lù dáadáa. Wọn á sì ní kí ẹ wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀. Ẹ tètè pe àwọn ọkùnrin ilé yín, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ má fún un lómi mu. Bó ti wù kó bẹ̀ yín tó, ẹ má fún un. Ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹ lè fi òwú tútù pa á létè.

Ní ti secondary: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó tẹ́ inú ikùn wa látòkè délẹ̀, òun náà ló wé ìfun àti ẹ̀dọ̀. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó awọ ara wa lápapọ̀. Inú ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kò yẹ kí kòkòrò kankan débẹ̀. Bí awọ yẹn bá wú tó gbiná, òun ni peritonitis. Irú kan wà tí ìfun kò lu rárá. Àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́ tí omi kún inú wọn, àti àwọn ọmọdé tí àìsàn kíndìnrín mú ara wọn wú, ni mo máa ń rí i lára wọn jù. Abẹ́rẹ́ nìkan lè wo ìyẹn sàn. Secondary ni èyí tí nǹkan mìíràn bí: ibì kan ti lu tàbí ó ti rà, ìdọ̀tí ibẹ̀ ló ń dà sórí awọ náà. Bí páìpù ṣáláńgá bá já sínú kànga, ẹ lè máa da kílóríìnì sínú kànga náà títí di ọdún tó ń bọ̀. Àfi kí ẹ dí páìpù náà, kí ẹ sì gbọ́n omi ìdọ̀tí dànù. Ìdí tí abẹ́rẹ́ nìkan kò fi lè tó nìyẹn. Wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ó sì gbọ́dọ̀ gbà á, ṣùgbọ́n ihò wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀bọkún, aago 3

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti wo àpò ìtọ̀ náà, ó ti ń mọ́ bọ̀. Mo ti pe bùọ̀dá wa ní àdúgbò Ìmọ̀ níbí, ó ń bọ̀ wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ohun kan tún yà mí lẹ́nu: inú ló ń dùn ún, àyà rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ yà ní ẹ́síréè, wọ́n tún ní kí wọ́n gbé e jókòó bí ó ti ń jẹ̀rora tó yẹn.

Ọ̀dọ́ Oníṣègùn, aago 5 àárọ̀

Ẹ kú àìsùn mà. Dókítà ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru ní Ifẹ̀ ni.

Atẹ́gùn ni wọ́n ń wá. Bí ìfun tàbí àpò oúnjẹ bá lu, atẹ́gùn inú rẹ̀ á tú jáde. Bí èèyàn bá jókòó, atẹ́gùn yẹn á gòkè lọ há sábẹ́ awọ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn. Ó máa ń hàn bí òṣùpá dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ẹ̀dọ̀, àwòrán àyà ló sì ń gbé e hàn dáadáa jù. Àmọ́ bí kò bá hàn, ìyẹn kò ní kí ìfun má lu. Ọwọ́ dókítà lórí ikùn ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ.

Ohun tí ẹ sọ nípa ibà ọjọ́ 16 ló jẹ́ kí n rò pé táífọ́ọ̀dù ni. Kòkòrò Salmonella Typhi máa ń bá omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọlé, ó sì máa ń sá pamọ́ sínú àwọn kókó kéékèèké tó wà ní ìparí ìfun kékeré, nítòsí ibi tó ti wọ ìfun ńlá. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, àwọn kókó yẹn á dọgbẹ́, wọ́n lè jẹ ìfun lu. Ẹ wo ọjọ́ tí inú rẹ̀ ṣẹ́: ọjọ́ 14. Àwọn ọmọ iléèwé àti ọ̀dọ́ ló sì ń bá jù ní apá ibí yìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà èyí gbọ́. Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe káàkiri tí wọ́n fi ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé “ẹ ní táífọ́ọ̀dù”, kò ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹni tí kò ní i lè gba “ó wà níbẹ̀”, ẹni tó ní i gan-an lè gba “kò sí”. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ láti wo kòkòrò tó hù níbẹ̀ ló sàn jù, kí wọ́n sì fà á kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Èmi ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù nígbà mẹ́ta lọ́dún, tí kò sì ní i rí. Ẹni tó wá ní i lóòótọ́, ọjọ́ 3 péré ni wọ́n ra oògùn fún.

Ìyá Ìbejì, aago 7 àárọ̀

Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n la ọmọ yẹn o. Ọmọ aládùúgbò wa ní Ìjòfì, bí wọ́n ṣe là á ló kú. Àgbo jẹ̀dí tó kí dáadáa, kó fi yàgbẹ́, inú á rọ̀. Ìgbẹ́ ló há síbẹ̀. Ẹ sì fi àdúrà tì í.

Ìyá Eléwé, aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 20

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àárọ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ewé ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún ní ọjà Atakúmọ̀sà. Èmi náà ń ta àgbo jẹ̀dí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń mú ìfun fún pọ̀ kí ó lè ti ìgbẹ́ jáde. Ìfun tó ti lu, bó bá fún pọ̀, ibo ni ìgbẹ́ yóò gbà? Inú ihò yẹn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ọṣẹ tí àwọn kan ń fún ọmọ láti ìdí. Ìyá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ fún mi pé inú tó le tí kò ṣe é tẹ̀, kí n má ta nǹkan kan fún un. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild. Mo ti pàdánù oníbàárà nítorí ẹ̀, kò dùn mí.

Àdúrà náà dára. Ẹ máa gbà á níwájú tíátà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, aago 8

Ìyá Eléwé, Ọlọ́run yóò bùkún ìsọ̀ yín. Ìyá Ìbejì, mo bá yín kẹ́dùn ọmọ Ìjòfì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ni inú rẹ̀ fi le kí wọ́n tó gbé e lọ?

Ìyá Ìbejì, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 10

Ó tó ọjọ́ 6, mà. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé àdúrà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 30

Ọjọ́ 6. Ó dùn mí púpọ̀. Láàárín ìgbà yẹn májèlé ìdọ̀tí náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á ti máa kọṣẹ́, èémí á ti máa yá. Àwọn ẹbí rí ọ̀bẹ, wọn ò rí ọjọ́ 6 yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹnikẹ́ni tí mo bá pàdé.

Awakọ̀ Sábó, aago 9 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi náà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni mo máa ń ná. Ẹ̀yìn máa ń dùn mí, mo wá sọ diclofenac di oúnjẹ. Mo tún máa ń ra oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ní gáréèjì, lórí òfo, láàárọ̀. Bí inú bá ta mí, mo máa mu mílíìkì, ó máa rọlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó ti ẹ̀bà, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún mi lókè ìdodo. Mo mọ aago tó jẹ́, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni. Ìrora yẹn dé èjìká mi ọ̀tún. N kò lè nà, n kò lè tẹ̀. Dókítà ní ọ́sà, ìyẹn ọgbẹ́ inú, ló dá ihò sí mi nínú.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣe mí. Wọ́n ní ọ̀rá tó bo ìfun mi ni wọ́n fà wá dí ihò náà. Mo ń wò wọ́n bí ẹni ń pàlọ́.

Ọ̀dọ́ Oníṣègùn, aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 40

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àlọ́ sà. Oníṣẹ́ abẹ kan ní Kánádà, Roscoe Graham, ló kọ̀wé nípa ọ̀nà yẹn ní ọdún 1937, a ṣì ń ṣe é dòní. Ọ̀rá yẹn ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, ó sì ń bá a jinná. Oògùn ara ríro bíi diclofenac àti ibuprofen máa ń dín ohun tó ń dáàbò bo ara àpò oúnjẹ kù, ni omi kíkan inú rẹ̀ fi ń rí i jẹ. Ẹlẹ́bi kejì ni kòkòrò Helicobacter pylori. Dókítà Marshall àti Warren ti Ọsirélíà, tó ṣàwárí rẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ṣé wọ́n fún yín ní oògùn rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Awakọ̀ Sábó, aago 10

Bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ 14 ni mo fi lò ó, mo lò ó pé. Láti ìgbà náà n kò fọwọ́ kan diclofenac mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Ifẹ̀, Ọjọ́ Ajé, aago 1 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. Láti àná ni inú ti ń dùn mí. Àyíká ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sún sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún báyìí. Mo bì lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá wúkọ́, ibẹ̀ ń dùn mí. Mo rò pé nǹkan oṣù ni. Mo ní ìdánwò lọ́la.

Ọ̀dọ́ Oníṣègùn, aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 5

Àbúrò, dìde nísinsìnyí, lọ sí ilé ìtọ́jú iléèwé yín. Má jẹun, má mu omi, má lo oògùn ìyàgbẹ́. Apẹ́ńdíìsì ló jọ, ìyẹn ìfun kékeré bí ìka tó so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, tó máa ń wú. Bó bá jẹ́ òun, ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kó tó bẹ́. Pe ọ̀rẹ́ kan kó bá ẹ lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 30

Lọ, ọmọ mi. Wọn á bi ọ́ nípa nǹkan oṣù rẹ, wọn á sì ṣe àyẹ̀wò oyún, torí oyún tó dúró síta ilé ọmọ náà lè dùn bẹ́ẹ̀. Má bínú sí wọn, gbogbo obìnrin ni wọ́n ń bi.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Lára àwọn tí mo tọ́jú tí inú wọn le bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀ tí wọ́n lọ ṣẹ́yún ní kọ̀rọ̀, irin wá gún ilé ọmọ kọjá dé ìfun. Wọ́n máa ń fi pa mọ́ torí ìtìjú títí inú á fi wú. Ẹ̀yin òbí, bó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ gbé ọmọ yín dé ilé ìwòsàn ná, kí ẹ sì jẹ́ kó lè sọ òótọ́ fún dókítà. Ìbínú lè dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kadà. Ọwọ́ ọ̀kadà lè gbá ọmọ níkùn, kó má sí ojú ọgbẹ́ kankan lára, kí ìfun sì ti já nínú. Ó lè di ọjọ́ kejì kó tó hàn. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ tó ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà pẹ̀lú, tí wọ́n já sí kòtò. Kì í sì í ṣe gbogbo inú ló ń le. Arúgbó, ọmọ ìkókó, alátọ̀gbẹ: inú wọn lè rọ̀ kí ihò wà níbẹ̀. Tiwọn, ẹ wo èémí, ẹ wo ojú tó ń jìn wọlé, ẹ wò ó bóyá wọ́n ń sọ ìsọkúsọ.

Ọmọ Ọ̀bọkún, Ọjọ́ Ajé, aago 6 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti ṣe é o! Aago 6 àárọ̀ ni wọ́n gbé e wọlé, ó lò tó wákàtí 3. Ihò 2 ni wọ́n bá, ní ìparí ìfun kékeré bí dókítà wa níbí ti sọ. Wọ́n ní omi ìdọ̀tí tí wọ́n fà jáde lé ní lítà kan. Wọ́n fi omi oníyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ inú rẹ̀ títí ó fi mọ́, wọ́n gé etí ihò náà fún àyẹ̀wò, wọ́n rán an. Ó ti lajú, ó pe orúkọ mi. N kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.

Bàbá Modákẹ́kẹ́, aago 8 alẹ́

Ẹ kú ewu o, ẹ kú orí ire. Ihò 4 ni wọ́n bá lára ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9 nígbà náà. Ìfun náà ti rà débi pé bí wọ́n bá rán an, yóò já. Ńṣe ni wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n gbé ẹnu ìfun jáde síta lára ikùn, àpò ọ̀rá ló ń gba ìgbẹ́. Ó ń bẹ́ awọ ara rẹ̀, ó ń ta á bí ata. Ìpara funfun kan tí nọ́ọ̀sì fi hàn wá la fi ń yí i ká. Kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, n kò sì fipá mú un lọ síléèwé. Ó tó oṣù 3 kí wọ́n tó dá ìfun náà padà. Ó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Mo sọ ọ́ torí ẹlòmíràn tí wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ fún: ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má rò pé títí ayé ni.

Ọmọ Ọ̀bọkún, Ọjọ́bọ̀, aago 7 àárọ̀

Ó só o! Láàárọ̀ yìí, lẹ́ẹ̀mejì! Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́, Màmá wa bú sẹ́kún. N kò mọ̀ pé ìsó lè mú inú èèyàn dùn tó báyìí. Wọ́n ti yọ rọ́bà imú, wọ́n ní kí a fi ṣíbí fún un lómi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 15

Ọlọ́run, a dúpẹ́! Ìfun ti jí nìyẹn. Ẹ má kánjú sí oúnjẹ. Omi, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ mímu. Ẹ gbé e dìde, kó máa rìn yí bẹ́ẹ̀dì ká, kó máa mí kanlẹ̀. Kó fi ìrọ̀rí há ikùn bó bá fẹ́ wúkọ́. Ẹ máa wo ojú ọgbẹ́ náà, inú ìdọ̀tí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ó máa ń bàjẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Ifẹ̀, Ọjọ́bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́

Apẹ́ńdíìsì ni lóòótọ́. Wọ́n yọ ọ́ lóru ọjọ́ Ajé, kò tíì bẹ́. Wọ́n ní mo lè lọ sílé lọ́la. Ẹ ṣé, dókítà. Ẹ ṣé, Màmá. Mo pàdánù ìdánwò náà, wọ́n ní màá ṣe é nígbà mìíràn.

Ọmọ Ọ̀bọkún, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e

Bí Màmá Nọ́ọ̀sì ti wí ló rí. Ibà tún dé lọ́jọ́ Àìkú, ojú ọgbẹ́ pọ́n, ọyún jáde. Wọ́n tú okùn díẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Sikáànì tí wọ́n ṣe kò rí ọyún kankan nínú ikùn. Ibà ti lọ.

Owó ti tán lọ́wọ́ wa o. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ìwé adójútòfò ìlera ìjọba, NHIA ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti Ọ̀ṣun, ẹ má jẹ́ kó kú. A kò ní i.

Ọmọ Ọ̀bọkún, ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn náà

A ti wà nílé. Ó ti ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ àti ẹja, ó ti rù, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá wa fi okùn wọn ilẹ̀ láti kànga wa dé ṣáláńgá: mítà 11 péré. Wọ́n ní ó yẹ kó tó 30. Gbogbo ilé ti ń se omi báyìí, lándìlọ́ọ̀dù ti ní òun á dí ṣáláńgá yẹn. Mo tún bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2018, mo fẹ́ gbà á fún àwọn ọmọ mi.

Màmá Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni àbúrò mi lè pọnmi?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, ó kéré tán, fún ọ̀sẹ̀ 6, kí ẹ sì tún bi dókítà yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú káàdì iṣẹ́ abẹ rẹ̀ síbi tí ẹ ti lè tètè rí i. Ìfun tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, kó sì há. Bí inú bá dédé ń lọ́ ọ, tó ń bì, tí kò só tí kò yàgbẹ́, ẹ má se nǹkan kan fún un. Ẹ mú káàdì yẹn, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.